Àpòlúkù Alágbàṣe

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì yìn ní ṣọ́ọ̀bù American Fur Company ní erékùṣù Mackinac, ní àríwá Amẹ́ríkà, ó sì fọ́ ìhà òsì Alexis St. Martin dé àpòlúkù. William Beaumont, dókítà àwọn sójà ibẹ̀, tọ́jú rẹ̀ títí ó fi yè, ṣùgbọ́n ihò náà kò dí mọ́. Ihò yìí ni Beaumont ń gbà wo bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ènìyàn. Àwọn ìwé sábà máa ń kà á bí ìtàn dókítà ọlọ́gbọ́n àti aláìsàn olórí kunkun. Lójú tèmi, ìtàn ọ̀gá àti alágbàṣe ni, bí a kò bá sì kà á bẹ́ẹ̀, ìdí tí ìwádìí náà fi ń lọ tó tún ń dúró kò ní yé wa.

Ọmọ Kánádà ni St. Martin, àjẹ̀ ló ń wà fún àwọn oníṣòwò awọ ẹranko. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa tọwọ́ bọ̀wé, a gba àsansílẹ̀, bí iṣẹ́ kò bá sì wọ̀ ọ́ mọ́, a wá ọ̀gá mìíràn lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1825, Beaumont so ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì àti kábéèjì mọ́ okùn sílíkì, ó tì wọ́n gba ihò náà wọlé, St. Martin sì bá iṣẹ́ ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí aago kan lù, tí Beaumont fa okùn jáde, ìdajì búrẹ́dì àti kábéèjì ti dà, ẹran ṣì wà bó ṣe wà. Ní aago méjì, búrẹ́dì, kábéèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹran màlúù bíbọ̀ ti tán lára okùn. Kò pẹ́ sígbà náà tí St. Martin fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀: ó padà sí Kánádà láìgbàṣẹ, ó gbéyàwó, ó ń ṣiṣẹ́ fún Hudson's Bay Company. Ìwádìí dúró gbọnin títí di ọdún 1829 tó kó aya àti ọmọ dé. Ní 1832, wọ́n kọ àdéhùn: 150 dọ́là lọ́dún, pẹ̀lú oúnjẹ, aṣọ àti ilé, kí ó sì gba díẹ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí àwọn atukọ̀ ti ń ṣe. Ọdún kejì ni ìwé Beaumont jáde. Ó fi hàn pé omi inú àpòlúkù, tí ásíìdì wà nínú rẹ̀, ló ń da oúnjẹ. Kódà bí a bá bù ú sínú ìgò, tí a sì mú un gbóná níwọ̀nba, á ṣì da ẹran.

Ẹnìkan lè ní aláìmoore ni St. Martin, nítorí nígbà tí bíbọ́ ọ sú àwọn ará ìlú, ilé Beaumont ló rí sá sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó yọ ènìyàn nínú ikú kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di olówó rẹ̀. Àtakò tó wúwo jù ni pé St. Martin kò mọ̀wé kà; báwo ni àdéhùn ṣe lè yé e? Ọ̀rọ̀ inú ìwé lè ṣókùnkùn sí i lóòótọ́. Iye tí ara rẹ̀ tó kò ṣókùnkùn sí i rárá. Láti 1834 tó ti padà sílé ni Beaumont ti ń ránṣẹ́ sí i, títí dókítà náà fi kú ní 1853. Owó àti ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọn kò sì fẹnu kò.

Nígbà tí St. Martin kú ní Quebec ní 1880, àwọn dókítà fẹ́ àpòlúkù náà. Àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ kí òkú náà bàjẹ́ nínú ooru kí wọ́n tó sin ín, wọ́n sì gbẹ́ kòtò rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 8. Àwọn kan ń pe èyí ní ìwà òpè ará oko. Àmọ́ àdéhùn 1832 ti parí tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó bá wọn ṣe òmíràn.