Àfòmọ́ -id- nínú Èdè Esperanto

-id- jẹ́ àfòmọ́ ẹ̀yìn tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ nínú Esperanto, èdè àtọwọ́dá tí L. L. Zamenhof gbé jáde ní Warsaw lọ́dún 1887. Ohun tó túmọ̀ sí ni ọmọ: èyí tí ẹranko bí, tàbí ẹni tó ti ìran kan ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́. -O, àmì ọ̀rọ̀-orúkọ, á wá tẹ̀lé e.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ó ti wá. Láyé àtijọ́, -ides ni wọ́n fi ń pe ènìyàn mọ́ baba rẹ̀: Atreides ni ọmọ Atreus, Peleides ni ọmọ Peleus. Zamenhof, tó kọ́ Gíríìkì nílé ẹ̀kọ́ girama, ló wá da àfòmọ́ orúkọ àwọn akọni yìí wọ inú agbo ẹran.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti dùn jù. Bovo ni màlúù, bovido ni ọmọ rẹ̀. Ŝafo ni àgùntàn, ŝafido ni ọ̀dọ́ àgùntàn. Ĉevalo ni ẹṣin, ĉevalido ni ọmọ ẹṣin. Ẹni tó ń kọ́ Faransé gbọ́dọ̀ há veau, agneau àti poulain sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ò sì jọ orúkọ ìyá tó bí i. Lójú tèmi, ìsinmi ńlá ni -id- jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó ti wúlò tó náà, ó máa ń rú ojú díẹ̀: avido lè jẹ́ ìwọra, ó sì lè jẹ́ ọmọ bàbá àgbà, nítorí avo ni bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń là á.

Fún ènìyàn, ìdílé àti ìran ló wà fún: reĝido ni ọmọ ọba, izraelido ni ọmọ Ísírẹ́lì. Ọmọdé lásán, infano ni.

Àfòmọ́ yìí tún lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ido, ìyẹn ọmọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan tí Louis Couturat jẹ́ òpómúléró rẹ̀ jókòó ní Paris lọ́dún 1907, tí àtúnṣe Esperanto sì ti ibẹ̀ jáde, Ido ni èdè tuntun náà ń jẹ́ nígbẹ̀yìn. Ìyapa náà dun àwọn ọmọlẹ́yìn Zamenhof wọra. Láti ìgbà náà, esperantido ni wọ́n ń pe èdè yòówù tó bá ti ara Esperanto jáde. René de Saussure, àbúrò Ferdinand de Saussure onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, tilẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn àtúnṣe tirẹ̀ ní Esperantida.