Fìlà tútù àti irun orí lásìkò kẹ́mò

Fìlà tútù ni wọ́n ń dé sórí aláìsàn jẹjẹrẹ nígbà tó bá ń gba kẹ́mò, kí irun rẹ̀ má baà re tán. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ ni oògùn kẹ́mò ń pa. Gbòǹgbò irun náà kì í sábà sinmi: nínú irun 10, nǹkan bíi 9 ló ń dàgbà lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí oògùn fi ń bá wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn kẹ́mò àkọ́kọ́, irun á máa wà lórí ìrọ̀rí, á kún òòyà.

Bí awọ orí bá tutù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ á fún, oògùn tó ń dé gbòǹgbò irun á sì dín kù. Wọ́n á dé fìlà náà ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oògùn, kò sì ní kúrò lórí títí oògùn á fi tán àti fún bíi wákàtí kan àtààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù: orí á máa fọ́ni, òtútù á mú gbogbo ara. Kí aṣọ ìbora wà nítòsí.

Ìdílé Paxman ní Huddersfield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tó ń mú bíà tutù ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí kẹ́mò mú irun ìyàwó Glenn Paxman lọ ni wọ́n gbé ọgbọ́n náà wá sórí èèyàn. Fìlà DigniCap, ti Sweden, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí, lóṣù Kejìlá ọdún 2015. Nínú ìwádìí kan lórí jẹjẹrẹ ọmú tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2017, nǹkan bí ìdajì àwọn obìnrin tó dé fìlà Paxman ni irun wọn kò re tó ìdajì. Nínú àwọn tí kò dé e, kò sí ẹnì kankan tó rí bẹ́ẹ̀ gbà. Fìlà náà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún oògùn kẹ́mò tó ń jẹ́ paclitaxel. Doxorubicin, oògùn kẹ́mò pupa kan, ló ń fún un ní wàhálà.

Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí lórí fìlà yìí, ó sì yẹ kó ká wa lára. Irun tiwa ki, ó ká kókó. Afẹ́fẹ́ ń há sáàárín rẹ̀ àti fìlà, òtútù kì í dé awọ orí dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní kí aláìsàn tú àtáṣímẹ́ǹtì kúrò, á fi omi àti kọndíṣọ́nà rẹ irun náà, á wá dì í pẹlẹbẹ kí ojú ìlà hàn kedere, kí fìlà lè lẹ̀ mọ́ orí.

Àwọn kan á ní ẹ̀mí ṣáà ni ká gbà là. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n tìtorí irun kọ ìtọ́jú. Nítorí náà, kí dókítà sọ̀rọ̀ fìlà náà ṣáájú kẹ́mò àkọ́kọ́, torí láti ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé e.

Fìlà náà kò wà fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, kì í sì í dáàbò bo irun ìpéǹpéjú. Oògùn minoxidil kì í dá irun dúró, àmọ́ ó lè mú kí tuntun tètè hù. Bí kẹ́mò bá parí, láàárín oṣù 3 sí 6 ni irun ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà. Nígbà míì, kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀.