Ohùn Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó Níwájú Ìjọba

Àwa olùkọ́ a máa wí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pé ẹni tí kò mọ̀wé kò lè dúró níwájú ìjọba kí a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó fi hàn wá pé òótọ́ náà kò pé.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni àwọn obìnrin wọ̀nyí so ara wọn pọ̀ di ẹgbẹ́. Olórí wọn ni Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà, ẹni tí ó ń ta ẹja, tí ó sì jẹ́ olórí ọjà Eréko. Ìyá náà kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Nínú ọjà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ń ta ohun kan náà a máa ní olórí tiwọn: ẹlẹ́ja ní tiwọn, aláta ní tiwọn. Bí ohun kan bá ń ni wọ́n lára, orí àtẹ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀; a ó gbé e dé iwájú ìyálọ́jà, àwọn olórí yóò sì jókòó lé e lórí títí ohùn wọn yóò fi ṣọ̀kan. Nígbà náà ni wọn yóò tó pe akọ̀wé. Owó tí wọ́n dá jọ ni wọ́n fi ń sanwó fún akọ̀wé àti agbẹjọ́rò. Herbert Macaulay, àgbà olóṣèlú Èkó nígbà náà, sì jẹ́ alátìlẹyìn wọn.

Ní ọdún 1932 ìròyìn kàn káàkiri pé ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tọ aláṣẹ tí ń ṣàkóso Èkó lọ, ó sì fi dá wọn lójú pé kò sí irú èrò bẹ́ẹ̀. Ọdún 8 kọjá. Ogun ń jà, ìjọba ń wá owó. Ní 1940 òfin jáde pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ yóò san owó orí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin ọdún 1922 fi ìbò dídì fún kìkì ọkùnrin tí ń rí £100 lọ́dún. Obìnrin kan kò ní ìbò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940 àwọn ọlọ́jà lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀. Wọ́n ní ọjà kò tà nítorí ogun, àti pé àwọn ni ń bọ́ ọmọ àti ọkọ tí kò níṣẹ́. Nígbà tí a wí fún wọn pé obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń san án, Pẹ̀lẹ́wúrà dáhùn pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni owó wà, tálákà ni obìnrin ilẹ̀ tiwa. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé £50 náà dé £200. Òfin náà kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọlọ́jà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjà kejì le ju ti ìṣáájú lọ. Láti ọdún 1941 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin dá iye owó oúnjẹ ní Èkó. Captain Pullen ni a fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Iye tí a dá fún gààrí kò tó iye tí ọlọ́jà fi rà á ní oko, ká má tilẹ̀ sọ ti owó ọkọ̀. Àwọn ọjà kan wá di títà ní kọ̀rọ̀. Ìjọba fi owó oṣù lọ Pẹ̀lẹ́wúrà kí ó lè bá wọn mú ètò náà ṣẹ. Ó kọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ ni pé kí a fi ọjà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ní 1945, ọdún tí ogun parí, ètò náà parí pẹ̀lú.

A kò gbọdọ̀ pa ìdajì ìtàn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò tó jẹun ń kérora gidigidi lórí ọ̀wọ́n oúnjẹ, títí ìyanṣẹ́lódì ńlá fi dé ní 1945 kan náà. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà ń gbèjà ọlọ́jà. Iṣẹ́ ìjọba ni láti gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Pẹ̀lẹ́wúrà kú ní 1951. Kí ni àwa yóò rí kọ́? Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọlọ́jà nílò akọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun tí akọ̀wé kọ, orí àtẹ ni a ti rò ó. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ní ọjọ́ tí ìyá yín bá pè yín láti bá òun kọ ìwé sí ìjọba, ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó mú kálàmù.