destool

Irú ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀, ó ṣọ̀wọ́n ní ìta Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìtumọ̀: rọ̀ lóyè, yọ ọba tàbí ìjòyè kúrò lórí àpèrè nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Orísun: Láti inú Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Gánà ni ó ti wá. Àpótí ìjókòó tí àwọn Akan ń pè ní àmì oyè ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stool. De- tí a fi ṣáájú rẹ̀ túmọ̀ sí yíyọ kúrò. Òdì rẹ̀ ni enstool. Ní àríwá Gánà, níbi tí awọ ẹran ti dípò àpótí, enskin ni wọ́n ń lò fún fífi jẹ oyè, deskin sì ni òdì rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Gánà ti ọdún 1992 lo enstool àti enskin pọ̀ nínú àlàyé ẹni tí ń jẹ́ olóyè.

Àpẹẹrẹ:
Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó rọ Déjì Àkúrẹ́ lóyè.
Ewì Aládésanmí Kejì wà lórí àpèrè Adó-Èkìtì láti ọdún 1937 títí ó fi wàjà ní ọdún 1983. A kò rọ̀ ọ́ lóyè.

Àkíyèsí ìlò:
1. Bí ìwé ìròyìn bá kọ “the stool of the Ewi of Ado-Ekiti”, oyè Ewì tàbí àpèrè Ewì ni kí a kọ. Àpótí kò bá a mu, nítorí pé ohun ìjókòó inú ilé lásán ni yóò wá sí ọkàn òǹkàwé.
2. “Vacant stool” kò sọ ohun tí ó sọ oyè di òfìfo. Kí ògbufọ̀ wádìí kí ó tó yan ọ̀rọ̀: ọba tí ó kú wàjà, ọba tí a yọ ni a rọ̀ lóyè. Ẹni tí ó bá kọ ìkejì dípò ìkíní ti ba orúkọ ọba àti ìdílé rẹ̀ jẹ́.
3. Suspend kì í ṣe destool. Dá dúró fún ìgbà díẹ̀ ni. Oyè ṣì jẹ́ ti ẹni náà.
4. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́, kọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ: ọba tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ ní láti kú. Rọ̀ lóyè kò gbé èyí.
5. Ohùn: rọ̀ ọ́ lóyè, ṣùgbọ́n rọ ọba lóyè. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ni ìrọnilóyè.

Ẹ tún wo: depose, dethrone, abdicate.