Àkàpè àti Àkàyé

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò Yorùbá rí mọ àkàyé: ka àyọkà, kí o dáhùn ìbéèrè. Nínú orúkọ yẹn, kíkà àti yíyé ti so kọ́ra. Ìdí nìyí tí ètò ìdánwò kíkà ti ìjọba ilẹ̀ England fi ṣòro túmọ̀ fún àwọn òbí Yorùbá tó ń tọ́mọ níbẹ̀.

Láti ọdún 2012, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà níbẹ̀ máa ń jókòó ti olùkọ́, á sì ka ọ̀rọ̀ 40 sókè. Ogún nínú wọn kò nítumọ̀ rárá. Àwòrán iwin ni wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí ọmọ má baà máa wá ìtumọ̀ kiri. (Ọ̀rọ̀ iwin náà ni màá pè wọ́n.) Ohun tí ìjọba fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ lè fi ìró lẹ́tà pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Wọn ò sọ pé òye kò wúlò o. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ń wọ̀n ni olùkọ́ ń tẹnu mọ́, òun náà ni òbí ń béèrè, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé bá ń fi ọ̀rọ̀ iwin dánra wò. Ọmọ tí kò bá dé gbèdéke á tún un ṣe lọ́dún kejì. N ò ní pè é ní ìfìdírẹmi.

Àkàpè ni mo dábàá fún irú kíkà yìí, kó dúró ti àkàyé. Bí a bá pè é ní ìwé kíkà lásán, a ti gba ohun tí ìjọba kan ka kíkà sí láìmọ̀.

Lédè tiwa, àkàpè kò lè dá rìn jìnnà. Ẹ kọ “igba” láìfàmì sí i: igba ni, àbí igbá, àbí ìgbà, àbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ? Ohun tí à ń kà lójú pópó kì í sábà ní àmì, nítorí náà gbólóhùn gbọ́dọ̀ yé ọmọ kó tó mọ bí yóò ṣe pe ọ̀rọ̀.

Nílé ńkọ́? Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ lọ́dún 1970, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà ní 2022, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2025, kí Gẹ̀ẹ́sì lè jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi. Lójú tèmi, àkàpè ni wọ́n yàn láìdárúkọ rẹ̀: ọmọ tí wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé rẹ̀ lè ka odidi ojú ewé kan geere, kó má mọ ohun tó kà.