Ọmú Ìyá fún Ọmọ tí ó ti ń Rìn



Bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kì í pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa wí fún ìyá rẹ̀ pé, “Já a lẹ́nu ọmú, omi lásán ni ó kù níbẹ̀.” Abiyamọ tí ó bá sì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́mú lójú àwùjọ, ojú a máa tì í. Òótọ́ ha ni pé omi lásán ni bí? Ẹ jẹ́ kí a pe ìtàn wá jẹ́rìí.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ọmọ Yorùbá fi ń mu ọmú. Ní gbogbo àkókò náà, ọkọ àti aya kì í sùn pọ̀, kí oyún mìíràn má baà dé kí ọmọ ọwọ́ tó gbó. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé Ábúráhámù se àsè ńlá ní ọjọ́ tí a já Ísáákì lẹ́nu ọmú, àti pé Hánà kò mú Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò títí ó fi já a lẹ́nu ọmú. Nínú ìwé kejì ti àwọn Mákábì, ìyá kan rán ọmọ rẹ̀ létí pé ọdún mẹ́ta ni òun fi fún un lọ́mú.

Ó pẹ́ kí ìmọ̀ ìṣègùn tó rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1892, Paul Ehrlich, oníṣègùn ará Jámánì, fi eku ṣe ìdánwò kan. Ó ń fún àwọn abo eku kan ní májèlé díẹ̀díẹ̀, títí ara wọn fi mọ̀ ọ́n, tí kò sì lè pa wọ́n mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ọmọ àwọn eku mìíràn, tí ara wọn kò mọ májèlé náà, fún wọn láti tọ́ lọ́mú. Àwọn ọmọ àgbàtọ́ wọ̀nyí sì ní ààbò lọ́wọ́ májèlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ìyá tí ó bí wọn ni wọ́n ti rí i. Nínú wàrà ni wọ́n ti mu ún. Àwọn àgbà wa ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí: àjẹsára, ohun tí a jẹ tí ó sì dúró sínú ara láti dáàbò bò wá.

Ti ènìyàn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti eku. Ní ọdún 1961, Lars Hanson ní ilẹ̀ Swídìn fi hàn pé irú ohun ìjà kan, tí a ń pè ní IgA, wà nínú wàrà ìyá, tí ó sì yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Kì í sábà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọ̀fun àti ìfun ni ó ti ń ṣọ́nà bí oníbodè, kí kòkòrò àrùn má baà ráyè lẹ̀ mọ́ ara. Bí ìyá bá sì gbé kòkòrò kan mì, ìfun rẹ̀ a dá a mọ̀. Àwọn tí ń rọ ohun ìjà nínú ara rẹ̀ a gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọmú, wọn a sì máa rọ èyí tí ó bá kòkòrò náà gan-an mu. Inú ilé kan náà ni ìyá àti ọmọ ń gbé. Àrùn tí ó ń wá ọmọ, ìyá ti sábà pàdé rẹ̀. Ta ni ó sì nílò ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ bí ọmọ tí ń rìn, tí ń ṣa ohun gbogbo nílẹ̀ sẹ́nu?

Ní ọdún 1983, Armond Goldman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ wàrà àwọn ìyá tí ń tọ́ ọmọ ní ọdún kejì wò. Wọ́n rí IgA níbẹ̀. Wọ́n rí lysozyme, tí ń fọ́ ara kòkòrò, àti lactoferrin, tí ń gba irin mọ́ kòkòrò lọ́wọ́ kí ó má baà gbilẹ̀. Ìwọ̀n wọn fara jọ ti ìṣáájú. Nítorí náà, kì í ṣe omi lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. Wàrà nìkan kò tó ọmọ ọdún kan yó. Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí. Ní ọdún 1933, ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí irun wọn sì ń pọ́n. Ẹ̀kọ àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn. Àwọn ará Gá ń pe àìsàn náà ní kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ẹ̀gbọ́n nígbà tí a bí àbúrò rẹ̀. Ẹ kò ha rí i pé ohun tí àwọn bàbá wa ń sá fún nìyí, nígbà tí wọ́n ń fi ààyè sí àárín ọmọ méjì?

Ní ilẹ̀ wa pàápàá, ní nǹkan bí ọdún 1957, Dókítà David Morley ti Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. A ń wọn ọmọ, a sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, kí a lè tètè mọ ọmọ tí ń rù. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé.

Ní ọdún 2001, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná: ọmú nìkan fún oṣù 6, lẹ́yìn náà, oúnjẹ àti ọmú pọ̀, títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmú kò sì gba ipò abẹ́rẹ́ àjẹsára; àwọn méjèèjì ni ọmọ nílò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe tijú. Bí ọmọ yín bá sáré ti ìdí eré wá, tí ó na ọwọ́ sí àyà yín, ẹ fún un ní ẹ̀wà àti ẹyin, ẹ fún un ní ẹja. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un lọ́mú. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má ṣe fi abiyamọ ṣe ẹlẹ́yà. Ààbò ni ó ń bù fún ọmọ náà, láti inú ara òun tìkára rẹ̀.