Orúkọ Mẹ́ta ní Ìpájà

Ìtàn ìlú wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọdẹ tó pàgọ́ síbi tí ẹran pọ̀ sí, tàbí ọmọba tó bínú kúrò nílé. Ẹ̀sìtéètì kò ní irú rẹ̀. Ẹni tó yàwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ni olùdásílẹ̀, gómìnà tàbí ààrẹ ni oríkì. Àwọn Àwórì ti ń dáko ní Ìpájà, l'Ékòó, kí ìjọba tó dé, àmọ́ orúkọ ẹ̀sìtéètì ìjọba ni kọ́ńdọ́ ń ké ní Ìyànà-Ìpájà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn, ká ti Ẹ̀sìtéètì Gowon bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1973 ni ìjọba ológun Gowon dá àjọ ilégbèé ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀. Ní July 1975, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ òpópónà ẹ̀sìtéètì náà, bíi ti Festac: ẹ ó gbọ́ 41 Road. Àlejò kì í tètè mọ̀nà.

Ẹ̀sìtéètì Abẹ́sàn ni ọkàn mi fà sí jù. Lateef Jakande ló kọ́ ọ, láàrin October 1979 sí December 1983 tó fi ṣe gómìnà Èkó. Oníwèé ìròyìn ni, ó ti bá Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Baba Kékeré. Sóṣálísìmù tí ìbò gbé wọlé ni Awólọ́wọ̀ ń wàásù rẹ̀ ní UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú òun àti Jakande. Láàrin àwọn ọdún 1970, àwọn kọ́múníìstì ilẹ̀ Czechoslovakia náà ń to ilé gíga-gíga jọ ní Petržalka, létí odò Danube ní Bratislava. Ti Jakande kò ga tó bẹ́ẹ̀: fúláàtì mẹ́fà ní búlọ́ọ̀kù kan, àtẹ̀gùn láàrin, kò sí ẹ̀rọ agbénigòkè. Kò rẹwà, kí a sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kékeré àti tíṣà lè ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Gómìnà fúnra rẹ̀ ń gbé ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú nígbà náà.

Ẹ̀sìtéètì Shagari kò jìnnà. Ilé ilẹ̀ ni ti ibẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti NPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Ààrẹ Shagari, ló kọ́ ọ. Nígbà kan náà, ní agbègbè kan náà, ẹgbẹ́ méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn ń kọ́lé fún mẹ̀kúnnù, bí ẹni fi bíríkì polongo ìbò. Ọjọ́ kan ṣoṣo, 31 December 1983, ni ológun lé àwọn méjèèjì kúrò lórí àga.

Àwọn tó gba ilé kò kúrò. Ní Abẹ́sàn, àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ya ṣọ́ọ̀bù sí iwájú fèrèsé, aṣọ ń gbẹ ní báńkónì àwọn ará òkè. Tí ẹ bá ń wá ènìyàn níbẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù.